Omi Méjì Ni Ọkọ̀ Hybrid Ń Mu: Ẹ Má Ṣe Wo Ẹyọ Kan Ṣoṣo

 

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí omi inú ọkọ̀. Ẹlòmíì lè sọ pé, "Kí ló kan èmi tí mò ń ta ata nínú ọ̀rọ̀ rédíétọ̀? Ṣebí dẹ́rẹ́bà ló ń wà á, mẹkáníìkì ló ń tún un ṣe." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó ta ni wọ́n fi ra ọkọ̀ náà? Ẹrù ta ló wà nínú rẹ̀? Bí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà nígbà tí a ń ti Mile 12 bọ̀, tòmátò ò ní dúró de mẹkáníìkì. Dẹ́rẹ́bà á gba owó iṣẹ́ rẹ̀, mẹkáníìkì á gba tirẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ ni òfò máa kù sí lọ́wọ́.

Ìdí tí a fi mú ẹ̀kọ́ yìí wá nísinsìnyí

Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo kan ní Èkó fò láti nǹkan bíi ₦185 sí ₦488. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,000. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ wa ti ń wá ọkọ̀ tí kì í mu epo púpọ̀. Àwọn tó rọ́wọ́ họrí ra tòkunbọ̀ hybrid: Toyota Prius, Camry Hybrid, Highlander Hybrid, Lexus. Àwọn míì fi owó àjọ rà á, àwọn míì sì jọ dá owó rà á kí wọ́n lè máa fi kó ọjà.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ̀ bí ọkọ̀ àtijọ́, owó epo tó rò pé òun rí jẹ, mẹkáníìkì ló máa kó o lọ.

Irú ọkọ̀ wo ni hybrid?

Ọkọ̀ hybrid ní ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo, ó sì tún ní bátìrì ńlá pẹ̀lú mọ́tò iná. Nígbà míì epo ló ń gbé e rìn, nígbà míì iná ni, nígbà míì àwọn méjèèjì jọ ń fà á. Toyota ló kọ́kọ́ ṣe é tà lọ́pọ̀ yanturu, nígbà tí wọ́n gbé Prius jáde ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 1997. Bí a bá kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹ́ńjìnnì á kú fúnra rẹ̀, ọkọ̀ á máa fi iná bátìrì yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Bí dẹ́rẹ́bà bá tẹ bíréèkì, mọ́tò yẹn á tún máa dá iná padà sínú bátìrì. Ibẹ̀ ni èrè epo ti ń wá.

Iná tó ń ti inú bátìrì jáde yàtọ̀ sí irú iná tí mọ́tò ń lò. Ẹ̀rọ kan ló ń yí i padà, orúkọ rẹ̀ ni inverter. A mọ inverter dáadáa ní ọjà: òun ni a ń lò ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Irú iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹ sì mọ bí ti ṣọ́ọ̀bù ṣe máa ń gbóná tí fáànù rẹ̀ á máa han gooro. Agbára iná tí ti inú ọkọ̀ ń gbé ju ìyẹn lọ fíìfíì. Nínú Prius ọdún 2004 sí 2009, ó lè gbé iná bátìrì sókè dé 500 fóòtì, èyí tó ju ìlọ́po méjì iná ilé lọ. Fáànù nìkan ò lè tù ú lára. Omi ni wọ́n fi ń tù ú.

Omi àkọ́kọ́ àti omi kejì

Gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyí: nínú àwọn Toyota hybrid tí a dárúkọ yìí, omi méjì ló wà níbẹ̀, wọn kì í sì í pàdé.

Omi àkọ́kọ́ ni ti ẹ́ńjìnnì. Òun ni gbogbo wa mọ̀, òun ni mẹkáníìkì ń wò.

Omi kejì ni ti inverter àti mọ́tò iná. Ó ní ike tirẹ̀, ó ní họ́ọ̀sì tirẹ̀, ó sì ní pọ́ńpù kékeré kan tó ń fi iná ṣiṣẹ́. Bí a bá bu omi kún ti ẹ́ńjìnnì títí di ọ̀la, ẹyọ ẹ̀kán kan ò ní dé ọ̀dọ̀ inverter. Ìyàtọ̀ míì ni pé irú ooru tí ẹ́ńjìnnì lè fara dà, inverter ò lè fara dà á. Aago ooru tó wà níwájú dẹ́rẹ́bà, ti ẹ́ńjìnnì ló ń sọ. Prius tí a máa ń rí níta ò tilẹ̀ ní aago ooru; iná pupa ló máa tàn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bọ́ sórí.

Ẹ wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Ká ní oníṣòwò kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ń sanwó àyẹ̀wò fún mẹkáníìkì lóṣooṣù. Mẹkáníìkì ń wo òróró, ó ń wo rédíétọ̀, ó ní kò síṣòro. Ike kejì ti ń gbẹ lọ́ díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn mú, A/C ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ há sí Ìyánà Ìpájà. Àmì onígun mẹ́ta pupa tàn, ọkọ̀ ò lágbára mọ́, ó kọ̀ ó dúró. Wọ́n bu omi sí rédíétọ̀, kò yí padà. Ẹnì kan ní bátìrì ńlá ló ti kú, wọ́n lọ ra bátìrì ní Ládípọ̀, owó ńlá wọlé, ọkọ̀ ò tún dáa. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni wọ́n máa wá rí i pé omi kejì ló gbẹ, tàbí pé pọ́ńpù kékeré yẹn ló kú.

Nítorí náà, bí àmì pupa bá tàn, kí a tó na kọ́bọ̀ kan, ẹ bi mẹkáníìkì pé: "Ṣé ẹ ti fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò? Nọ́ńbà wo ló gbé jáde?" Bó bá jẹ́ P0A93 ló gbé jáde, ìtutù inverter ló ń sọ, kì í ṣe bátìrì. Ẹ kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé gbèsè yín.

Ọ̀rọ̀ pọ́ńpù yìí kì í ṣe àbá. Ní ọdún 2010, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọdún 2012, Toyota fúnra wọn kéde pé kí àwọn tó ni irú àwọn Prius kan gbé e padà wá nítorí pọ́ńpù omi yìí, kí àwọn bá wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Tòkunbọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti ṣe, ó sì lè jẹ́ èyí tí wọn ò ṣe. Ojú la fi ń mọ̀ ọ́n.

Bí a ṣe ń yẹ omi wò

Ẹ mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú dára, nítorí ọkọ̀ ti sùn, ara rẹ̀ ti tutù.

1. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ dúró sí. Bó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ibi tí omi dé ò ní jẹ́ òótọ́.

2. Ẹ pa ọkọ̀ pátápátá, kí ẹ sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jìnnà sí i. Ìkìlọ̀ ńlá lèyí. Ọkọ̀ hybrid lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ẹni pé ó ti kú, kó sì jẹ́ pé ó wà ní READY. Ẹ́ńjìnnì lè ṣàdédé ta jí, fáànù sì lè ṣàdédé yí, nígbà tí ọwọ́ tàbí ìborùn yín bá wà níbẹ̀.

3. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ike méjì. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan, ẹ má tíì pa á dé. Ẹ ní kí mẹkáníìkì fi èkejì hàn yín. Àpótí irin fàdákà tí wáyà nínípọn tó ní àwọ̀ Fanta wọ inú rẹ̀, òun ni inverter. Ìtòsí rẹ̀ ni ike kejì máa ń wà.

4. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ara ike. Àmì méjì ló wà lára rẹ̀: FULL lókè, LOW nísàlẹ̀. Àárín méjèèjì ló yẹ kí omi wà. Ẹ má ṣí ìdérí kankan láti wò ó.

5. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a ṣe ń kọ gbèsè oníbàárà, bẹ́ẹ̀ ni kí a máa kọ déètì àti ibi tí omi dé nínú ike méjèèjì. Ìwé yìí ló máa jẹ́ ẹlẹ́rìí wa.

6. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. Omi mímọ́ gaara tó ń kán, ti A/C ni, kò léwu. Omi aláwọ̀ tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tàbí ohun kan tó gbẹ bí iyọ̀ sára họ́ọ̀sì, kúláǹtì tó ń jò ni.

Wáyà aláwọ̀ Fanta yẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, bó ti wù kó mọ. Iná inú rẹ̀ ń pa èèyàn.

Ohun kan kù tí mẹkáníìkì lè ṣe níṣojú yín. Kí ó tan Prius sí READY, kí ẹ wá wo inú ike omi kejì láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Bí pọ́ńpù bá ń ṣiṣẹ́, omi á máa rú bọ̀ọ̀. Bí omi bá dúró jẹ́ẹ́ bí omi àmù, ẹ fura.

Omi wo la máa bù sí i?

Ibí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Dẹ́rẹ́bà á já pure water méjì, á dà á sí i, á ní ó parí. Pure water dára fún mímu, kò dára fún inú ẹ̀rọ. Ẹ wo ìdí kẹ́tùlù tí a fi ń se omi bóhóòlù lójoojúmọ́: ṣé ẹ rí ẹfun tó lẹ̀ mọ́ ọn? Irú rẹ̀ náà ló ń lẹ̀ mọ́ inú ihò tóóró rédíétọ̀, tó ń dí i. Omi lásán náà ló sì ń mú kí irin inú ẹ̀rọ dípẹtà.

Kúláǹtì kì í ṣe omi aláwọ̀ lásán. Oògùn wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó. Omi lásán ń hó ní ìwọ̀n ooru 100. Bí a bá po kúláǹtì mọ́ ọn ní ìdajì-ìdajì, tí ìdérí rédíétọ̀ sì mọ́ ọn dáadáa bí ìdérí pressure pot, ó máa kọjá 120 kó tó hó. Ẹ ò rí i pé ìdérí tó ti bàjẹ́ náà lè mú kí ọkọ̀ máa hó.

Èyí tí Toyota ń lò nínú ọkọ̀ wọ̀nyí láti nǹkan bí ọdún 2004 jẹ́ aláwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n ti pò ó tán láti ilé iṣẹ́. Ẹ má da omi kún un. Ẹ́ńjìnnì ń lò ó dé 160,000 kìlómítà kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ní gbogbo 80,000. Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ tí a ò mọ ìtàn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì pààrọ̀ méjèèjì nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

Ẹ má fi àwọ̀ ra kúláǹtì. Aró lásán ni àwọ̀; pupa ti ilé iṣẹ́ kan lè má bá pupa ti èkejì mu, àwọn míì sì máa ń di ẹrẹ̀ bí a bá pò wọ́n. Ẹ ka ara ike kí ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ pé ó wà fún Toyota tàbí Lexus. Bí ẹ bá ra ògidì tó nílò omi, omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba ooru rẹ̀ ni kí ẹ pò mọ́ ọn, èyí tí àwọn tó ń ta bátìrì ń tà. Ẹ ṣọ́ra o: àwọn kan ń pe ásíìdì náà ní omi bátìrì. Ẹ béèrè dáadáa.

Bí omi bá ń dín kù

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin èèyàn wa: kúláǹtì kì í ṣe epo. Ọkọ̀ kì í mu ún tán. Bí ìwé yín bá ń sọ pé ó ń lọ sílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ibì kan ló ń gbà jáde. Ẹni tó ń bù ú kún lójoojúmọ́ láì wá ibi tó ń jò, agbọ̀n ló ń fi pọnmi.

Bí kò bá sí nǹkan kan nílẹ̀, tí omi ẹ́ńjìnnì sì ń dín kù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ló ń wọ̀. Prius ọdún 2010 sí 2015 lókìkí fún èyí. Àmì rẹ̀ ni pé láàárọ̀, bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án, á máa gbọ̀n jìgìjìgì fún ìgbà díẹ̀ kó tó dákẹ́. Top gáásíkẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ tètè gbé e lọ. Ẹni tó bá ń wà á bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì tuntun ló ń wá.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ thermostat

Ó ti pẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì kan ti máa ń sọ pé ilẹ̀ wa gbóná, pé thermostat ò wúlò, wọ́n á yọ ọ́ jù nù. Nínú hybrid, òfò owó gbáà ni. Ẹ́ńjìnnì hybrid gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ́wọ́ọ́wọ́ dé ìwọ̀n kan kó tó lè máa kú fúnra rẹ̀ nínú gósìlóò. Bí ẹ bá yọ thermostat, omi á máa tutù jù, ẹ́ńjìnnì ò ní í fẹ́ kú, á máa mu epo lọ bí ọkọ̀ yòókù. Epo tí a torí ẹ̀ ra ọkọ̀, ibẹ̀ ló máa gbà lọ. Bí thermostat bá bàjẹ́, tuntun ni kí wọ́n fi sí i.

Ẹrù orí ìjókòó ẹ̀yìn

Bátìrì ńlá náà ń fẹ́ ìtutù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni tirẹ̀, kì í ṣe omi. Nínú Prius, ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn tí fáànù ń gbà fa afẹ́fẹ́ sí bátìrì. Àwa oníṣòwò la sì máa ń to ẹrù síbẹ̀ jù! Àpò aṣọ á dí i pa. Lẹ́búlẹ́bú èlùbọ́ àti gàrí á wọ inú fáànù, á mọ́ ọn gbagidi. Ẹ fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n máa gbọn fáànù náà mọ́.

Bó bá gbóná lójú ọ̀nà

Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa A/C, ẹ pa ọkọ̀. Ẹ má ṣí ìdérí o! Omi tó wà lábẹ́ ìdérí yẹn ti gbóná kọjá omi tó ń hó lórí iná. Bí ẹ bá ṣí i, á fò jáde sí ojú àti àyà. Ẹ dúró títí ara ẹ́ńjìnnì á fi tutù débi tí ọwọ́ lè gbà á. Ẹ má sì da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ó lè sán. Ó sàn kí ẹ wá ọkọ̀ míì kó tòmátò lọ sọ́jà ju kí ẹ fi tipátipá wà á dé Ìkòtún.

Ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin ìyá ọmọ

Kúláǹtì ń dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ rántí oògùn eyín ọmọdé My Pikin ọdún 2008: ìbátan ohun tó wà nínú kúláǹtì ló kó sínú rẹ̀, ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin (84) ló sì kú. Ẹ má ṣe da kúláǹtì tó kù sínú ike La Casera tàbí ike omi, pàápàá ní ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ ti ń ṣeré. Bí ọmọ bá mu ún, ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má fi epo pupa tàn án.

Ìbéèrè fún ìpàdé wa

1. Omi mélòó ló wà nínú ọkọ̀ hybrid, kí sì ni iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan?
2. Kí ló dé tí a gbọ́dọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ jìnnà kí a tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín omi A/C àti kúláǹtì nílẹ̀?
4. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ra bátìrì tuntun, ìbéèrè wo lẹ máa kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì?
5. Báwo ni thermostat tí wọ́n yọ ṣe ń jẹ owó epo wa?

Ẹni tó bá ní hybrid láàárín wa, kó mú ìwé àkọsílẹ̀ omi rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Kí ẹni tí kò ní náà gbọ́, nítorí ẹrù wa wà nínú ọkọ̀ ara wa. Ojú tó bá ń wo ike méjèèjì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kì í sunkún inverter. Ọjà á tà o.